Ọjọ́ Tí Kòtò Yẹ̀pẹ̀ Ya ní Ẹ̀yìn Ayọ̀bọ̀

Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú ní ẹ̀yìn Ayọ̀bọ̀ nígbà náà, òórùn yẹ̀pẹ̀ pupa tútù ló máa ń kọ́kọ́ wọlé bá wa, kí èéfín àwọn típà tó dé. Ilé pákó la kọ́ yí kòtò yẹ̀pẹ̀ ńlá kan ká. Gbogbo ọkùnrin ibẹ̀, títí kan ọkọ mi, ló ń wa yẹ̀pẹ̀ tí àwọn onílé ń rà láti fi dí ilẹ̀ wọn. Ohun gbogbo ló pupa lọ́dọ̀ wa: aṣọ tí a sá, ẹsẹ̀ ọmọdé, kódà omi ìwẹ̀ ọkọ mi a máa dà bí omi osùn. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun rò pé màá sá lọ ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo bí àkọ́bí mi sí, obìnrin aláṣọ funfun tí yàrá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ tiwa ló sì gbẹ̀bí mi.

Àwọn ọkùnrin kì í wa ilẹ̀ láti òkè. Ìsàlẹ̀ ògiri kòtò ni wọ́n ń gbẹ́, kí òkè lè já lulẹ̀ fúnra rẹ̀, torí ìyẹn yá jù. Gbogbo wa mọ̀ pé ewu ni. Ebi náà, ewu ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, a gbọ́ ìró kan, ilẹ̀ sì mì. Ògiri kòtò ti ya lu ọkọ obìnrin aláṣọ funfun yẹn. Àwọn ọkùnrin gbé ṣọ́bìrì, àgbà kan ní kí wọ́n jù ú sílẹ̀, kó má baà gé e lára. Ọwọ́ àti abọ́ la fi ń kó yẹ̀pẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, sùtánà funfun lọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán, ó kúnlẹ̀ sáàrin wa, ó ń kó tirẹ̀. Kò ké. Ó kàn ń ki ọkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń jí èèyàn lójú oorun.

Ilẹ̀ ṣú, a ò rí i. Onílẹ̀ tó ni kòtò náà dé, ó wò ó, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ ó ti kú ṣá. Àwọn típà máa wá lọ́la."

Nígbà tí típà àkọ́kọ́ dé láàárọ̀, obìnrin náà ti jókòó sí àárín ọ̀nà. Dírẹ́bà fọn fèrè títí. "Ìyá, ẹ dìde jàre, iṣẹ́ la wá ṣe."

"Ọkọ mi wà lábẹ́ yẹ̀pẹ̀ tí ẹ fẹ́ kó lọ tà," obìnrin náà dáhùn. "Ẹ gba orí mi kọjá."

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ lọ jókòó tì í. Mo pọn ọmọ, mo tẹ̀lé e. Kí oòrùn tó mú, gbogbo àdúgbò ti jókòó sínú ẹrẹ̀. Dírẹ́bà wò wá títí, ó fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ rẹ̀ padà. Bí àwọn kan ṣe ń ṣọ́ ọ̀nà ni àwọn yòókù ń kó yẹ̀pẹ̀, títí a fi rí i. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì sin ín.

Kò pẹ́ sígbà náà tí onílẹ̀ kó òṣìṣẹ́ mìíràn wá, tí katapílà sì wó ilé wa. Àwọn kan lọ ń ru ẹrù ní Shasha. Àwa gba yàrá kan ní Ìgándò. Opó náà padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀, mi ò sì tún fojú kàn án mọ́.

Àwọn èèyàn ṣì ń bi wá pé kí la rí gbà níbẹ̀, àbí ẹni tó ti kú jí? Rárá, kò jí, a sì pàdánù iṣẹ́ àti ilé. Ṣùgbọ́n, ọ̀rẹ́ mi, mo ti gbé ọ̀pọ̀ àdúgbò láti ìgbà náà, àwọn tí a ti ń kí ara wa láti ojú fèrèsé nìkan. Ibi tí gbogbo èèyàn ti lè fi oúnjẹ òòjọ́ wọn sílẹ̀ nítorí òkú ẹnì kan ni mo ń pè ní ìlú. Ẹyọ kan péré ni mo tíì gbé irú rẹ̀, kò sì sí mọ́.