Ọmọ Tí Wọ́n Pè Ní Aláfojúdi

Ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé nílé ìwòsàn náà, Àǹtí Bọ́ọ̀lù ni tọmọdé tàgbà ń pe nọ́ọ̀sì kan, nítorí bọ́ọ̀lù funfun kékeré orí igi tín-ín-rín ló fi ń yẹ ojú àwọn ọmọ wò. Àwọn tí kókó hù sí nínú ọpọlọ ni tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀ bóyá kókó ti ń tẹ iṣan ojú, kó tó di pé ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹ má wò ó bí iṣẹ́ kékeré o. Ọmọ ọdún márùn-ún ò ní sọ pé òun ò ríran lápá kan, torí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa rí ibẹ̀. Á kàn yí ọrùn díẹ̀, á máa bá eré rẹ̀ lọ.

Lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan ka àwòrán ara ògiri fún un láìṣi ẹyọ kan: ẹja, ilé, igi, kọ́kọ́rọ́. Àǹtí Bọ́ọ̀lù kọ “ó dára” sínú fáìlì. Àṣé àwòrán tí wọ́n ń fi hàn án lóṣooṣù ti di orin lẹ́nu ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n máa fi mọ̀, ojú ti lọ. Àǹtí Bọ́ọ̀lù sunkún títí, ó ní òun ò ṣe mọ́. Ọjọ́ kẹta ló padà síbi iṣẹ́, ó pààrọ̀ àwòrán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn ẹbí rojọ́ ohun tí wọ́n rí nílé dé ibi tó bá wù wọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyá àgbà kan mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin wá. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ náà lọ́dún tó kọjá, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń yẹ ojú rẹ̀ wò. Ó dárúkọ gbogbo àwòrán. Ṣùgbọ́n kò jókòó jẹ́ẹ́ fún bọ́ọ̀lù, kí wọ́n tó gbé e dé ló ti yí ọrùn wá a. Àǹtí Bọ́ọ̀lù ti mú bíírò kó kọ ọ́ pé kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bá a wí,” ni ìyá àgbà wí. “Ó ti ya aláfojúdi. Mo jókòó tì í nídìí tábìlì, mo ń bá a sọ̀rọ̀, ṣe ló fojú pa mí rẹ́.”

“Ọwọ́ wo lẹ jókòó sí, Mọ́mì?”

Ìyá wò ó bí ẹni tó béèrè iye irun orí rẹ̀. “Ọwọ́ òsì rẹ̀. Ibẹ̀ ni àga mi wà.”

“Tẹ́ ẹ bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún ńkọ́?”

“Níbẹ̀, á kí mi dáadáa.”

Àǹtí Bọ́ọ̀lù gbé bíírò sílẹ̀. Ó ní kí ìyá jókòó síwájú ọmọ, kó máa pa á lẹ́rìn-ín kó má bàa yí ọrùn. Òun alára lọ sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù yọ lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọ nawọ́ mú un kíá. Ó gbé e gba òsì, ó kọjá etí, ó kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọmọ ṣì ń rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀ àgbà. Bọ́ọ̀lù fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú kí ọmọ tó rí i.

Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kókó ti ń hù padà. Dókítà bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́sẹ̀ kan náà, ó ní ká ní wọ́n dúró oṣù mẹ́ta ni, ọ̀tún ì bá tẹ̀ lé òsì.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, kókó ti súnkì. Ìríran ọwọ́ ọ̀tún mọ́ kedere, òsì náà sì ti ń padà díẹ̀díẹ̀, ọmọ rí bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ fún Àǹtí Bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà dorí kodò.

“Mo na ọmọ yìí,” ló wí. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbá a létí torí pé kò dá mi lóhùn.”

“Mọ́mì, ẹjọ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ wá rò fún mi ló gba ojú rẹ̀ là.”

Ìlà kan wà nínú fáìlì fún ẹni tó kọ́kọ́ fura. Orúkọ dókítà ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀. Àǹtí Bọ́ọ̀lù kọ ọ́ gàdàgbà: ìyá àgbà ọmọ náà.