Oríkì Ọmọ Mi Lórí Ìkànnì

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Agogo mọ́kànlá àárọ̀ kò tíì lù. Àǹtí tó ń kọ́ ọmọ mi ní ilé-ìwé ni.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rán bọ̀dá kan wá mú ọmọ yín?”

Mo ní mi ò rán ẹnikẹ́ni.

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ó mọ oríkì ẹ̀ o. Ó pè é dáadáa.”

Àwo ẹ̀wà wà lórí itan mi. Títí dòní, mi ò mọ ibi tí mo gbé e sí.

Ìwé girama nìkan ni mo kà. Lẹ́yìn tí mo bímọ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì, lórí fóònù lákọ̀ọ́kọ́, kí n tó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan. Nígbà tí Màdáàmù tó ni ilé-ìwé ọmọ mi, ní Ikosi, gbọ́, ó ní kí n bá òun kọ plọ́gín kan. Nǹkan kékeré tí wọ́n máa ń so mọ́ ìkànnì ni, kó lè ṣe ohun tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Màdáàmù fẹ́ kí òbí lè kọ ọ́ láti ilé pé lágbájá ló ń bọ̀ wá mú ọmọ òun lónìí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àṣírí tí onítọ̀hún máa sọ lẹ́nu géètì. Èyí àkọ́kọ́ tí mo máa kọ láyé mi nìyẹn.

Èmi ni mo ní kí oríkì ọmọ jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí náà. Orúkọ tí ọmọ ń jẹ́ ní ilé-ìwé, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ó wà lára báàgì, ó wà lára ike omi. Inú ilé ni oríkì ń gbé. Ìyá ọkọ mi ló fún ọmọ mi ní tirẹ̀, òun ni mo sì fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ará ọ̀nà Ọ̀yọ́ bíi tiwa ló pọ̀ jù nínú àwọn òbí yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ wọn.

“Gbọ́mọgbọ́mọ wo ló máa mọ oríkì ọmọ ọlọ́mọ?” ni Màdáàmù wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Ketu. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, abẹ́ tábìlì àǹtí ni ọmọ mi wà, ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú.

“Bọ̀dá yẹn múra dáadáa,” ni àǹtí wí. “Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ lòun. Bó ṣe pe oríkì ẹ̀ báyìí, ọmọ jẹ́ ẹ, ó dìde, ó ti ń lọ bá a. Ìgbà tó rí ojú ẹ̀ ló dúró. Ó ní, ‘Mi ò mọ èyí.’ Ni mo bá ní kí bọ̀dá yẹn jókòó, kí n pè yín. Kí n tó gbójú sókè, kò sí níbẹ̀ mọ́.”

Pé ọmọ mi jẹ́ ẹ, ìyẹn ló gún mi lọ́kàn jù.

Màdáàmù dé. “Ta lo sọ oríkì ọmọ ẹ fún?”

“Mi ò sọ fún ẹnì kankan, mà.”

“Á jẹ́ pé ará ilé ẹ ni. Wádìí àwọn ẹbí ọkọ ẹ.”

Kí n má parọ́, ó ti ń wù mí kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo rántí pé plọ́gín mi náà mọ oríkì ẹ̀. Mo gba fóònù àǹtí, èyí tí wọn kò fi wọ ìkànnì yẹn rí, mo ṣí ojú-ìwé tí plọ́gín mi ń kó ohun tí àwọn òbí kọ sí. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ló wà níbẹ̀, orúkọ, oríkì, ẹni tó ń bọ̀ wá mú wọn. Orí kọ̀ǹpútà mi, níbi tí mo ti wọlé bí ọ̀gá ìkànnì, ni mo ti ń yẹ iṣẹ́ mi wò látọjọ́ yìí. Mò ń rí ohun gbogbo, mo rò pé torí pé èmi ni. Ìlà kan nínú plọ́gín náà tó yẹ kó béèrè pé “ta nìyẹn?” kó tó ṣílẹ̀kùn, mi ò kọ ọ́.

Mo na fóònù sí Màdáàmù. “Èmi ni, mà. Kì í ṣe ará ilé wa.”

Ó ń fi ìka fà á lọ, ọmọ kan, ọmọ kejì. “Pa á.”

Mo pa plọ́gín náà níṣojú rẹ̀.

“Ó ti tán?”

“Ó ti kúrò níbẹ̀, mà. Mi ò mọ iye èèyàn tó ti kà á.”

“Yí i padà nígbà náà. Ṣebí o ní ọ̀rọ̀ àṣírí ṣeé yí padà.”

“Mà, ẹ máa yí oríkì ọmọ padà?”

Ó na fóònù padà sí àǹtí.

Mo dúró lẹ́nu géètì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn títí ọmọ tó kẹ́yìn fi lọ, mo ń sọ ọ́ fún òbí kọ̀ọ̀kan fúnra mi. Bàbá kan ní, “Nígbà tó o mọ̀ pé o ò mọ̀ ọ́n ṣe, kí lo dáwọ́ lé e sí?” Òótọ́ ló sọ. Ìyá kan kò bú mi rárá. Ó kàn gbé ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ bò ó létí, ó ń lọ. Ọkùnrin yẹn, wọn ò rí i mú.

Nígbà tí mò ń wẹ ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní, “Mọ́mì, ta ni bọ̀dá yẹn?”

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún un pé tí ẹnikẹ́ni bá tún fi oríkì pè é, kó má jẹ́. Kó kọ́kọ́ wo ojú ẹni náà.

“Tó bá jẹ́ Ìyá Àgbà ńkọ́?”

“Wo ojú wọn ná.”

“Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?”

Mo bu omi lé e lẹ́yìn. “Èmi náà,” ni mo wí. “Wo ojú mi kó o tó jẹ́.”