Láptọ́ọ̀pù Oníná Mẹ́ta tí Mo Fẹ́ Rà ní Mẹ́ńdè

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí èmi àti Fọlákẹ́, ọmọ mi obìnrin, fi jáde nílé wa ní Ajégúnlẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀nà jìn. Láti Ajégúnlẹ̀ wa yìí dé Mẹ́ńdè, inú ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ kan náà ni. Omi ló lé wa jáde. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, odò sì ti wọ àdúgbò bí àlejò tí kò béèrè bóyá àyè wà. Tí a bá dúró di aago mẹ́jọ, yóò ti dé orúnkún. Mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo fi bàtà sínú ọ̀rá, Fọlákẹ́ gbé tirẹ̀ lérí. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò tí mo ti ń fi yangàn fún ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta ẹ̀ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Òwòdè Onírin. Fọlákẹ́ ni àkọ́bí mi, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Ìjẹ̀bú, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ mú láptọ́ọ̀pù dání, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí èèyàn lè gbé sórí itan. Alhaji Múfú, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, ti ra ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ ń tan iná mẹ́ta: pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wa ló wá wò ó bí ẹni wo ìyàwó tuntun. Ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé tọmọ tèmi ló máa tóbi jù. Ohun tí ọmọ náà fẹ́ fi ṣe, n kò béèrè.

Igba náírà ni owó márúwá dé Mile 12 tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀ọ́dúnrún ni onímárúwá gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ní tìtorí omi ni.

"Ṣé omi náà ń gba owó ni?" ni mo bi í.

"Bàbá, inú ẹ̀ńjìnnì mi ló ń wọ̀," ló dáhùn. Ó ti dá mi mọ̀ láti ọjà. "Tó bá sì bàjẹ́, ẹ̀yin ará Òwòdè kì í dín owó fún èèyàn."

Mo san owó náà wẹ́rẹ́.

Ní Mile 12, àwọn ọkọ̀ ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já tòmátì tó ti òkè Ọya wá, ilẹ̀ ń yọ̀, òórùn ata sì ń ta èèyàn nímú. Fọlákẹ́ mu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà, ẹgbẹ̀rin náírà. Èmi ò jẹun. Mo ní oúnjẹ Mẹ́ńdè ni màá jẹ. A wọ bọ́ọ̀sì ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà, a kọjá Kétu àti Òjótà, a sì bọ́ sílẹ̀ ní Maryland, a fẹsẹ̀ rìn wọ Mẹ́ńdè.

Ẹ̀yin ará ilé, ilẹ̀ gbígbẹ wà láyé. Àwọn ará ibẹ̀ ń wọ bàtà jáde láti inú ilé. Ní ilé ìtajà tí a wọ̀, ọkùnrin aláṣọ dúdú kan ló ṣílẹ̀kùn fún wa, òtútù ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì mú mi débi pé mo rántí ẹ̀kọ tí n kò mu. Ní Òwòdè, a máa ń kí oníbàárà, a ó béèrè ilé, a ó béèrè ọmọ, kí a tó rẹ́ ẹ jẹ. Dàpọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń tajà níbẹ̀, kò fi àkókò ṣòfò bẹ́ẹ̀.

"Daddy, eló lẹ mú wá?"

Mo sọ fún un pé iye yòówù. Ojú rẹ̀ tàn. Ó gbé ọ̀kan kalẹ̀ tó wúwo bí àwo kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì kan, iná mẹ́ta sì yọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè ìlú wọn. RAM, ẹ má rò pé àgbò ni, òun ni tábìlì tí ẹ̀rọ náà ń tẹ́ iṣẹ́ sí; bí tábìlì bá ṣe fẹ̀ tó ni iṣẹ́ tó lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà ṣe pọ̀ tó. Storage ni àpótí tó ń kó nǹkan pamọ́ sí. Graphics ni ẹ̀yà tó ń ya àwòrán tó ń sáré. Gbogbo rẹ̀ ló tóbi jù nínú èyí, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà.

"Ojú yín jọ ti ẹni tó mọ ojúlówó," ni Dàpọ̀ wí.

Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá wá ra ẹ̀ńjìnnì lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé ìjẹ ni, mo sì gbé e mì.

Fọlákẹ́ rọra sún mọ́ tábìlì. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wáyà iná ara rẹ̀." Dàpọ̀ yọ ọ́. Ọmọ mi wo igun ojú ẹ̀rọ náà. "Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n kọ síbí pé bátìrì lè lò."

"Ẹ̀yà àwòrán yẹn ló ń jẹ iná. Ẹ sáà máa tan jẹnẹrétọ̀ sí i."

"Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, wákàtí mẹ́ta péré ni wọ́n máa ń tàn án lóòjọ́. Kí wá ni màá fi ẹ̀yà àwòrán náà ṣe?"

Dàpọ̀ fọwọ́ ha irùngbọ̀n. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà, ó máa ń yọ̀ dáadáa."

Mo ní kó di í fún wa. Ìgbà yẹn ni Fọlákẹ́ di ọwọ́ aṣọ mi mú. "Daddy, ẹ jẹ́ ká jáde díẹ̀."

Níta, ó fi ọwọ́ aṣọ mi sílẹ̀. "Èmi ò fẹ́ ẹ, sà."

"Ta ló wá fẹ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin àti Alhaji Múfú." Ó gbé ojú sílẹ̀. "Owó yanrìn tí Mummy ní kí ẹ fi dí àgbàlá nítorí omi wà nínú owó yẹn. Ẹ fẹ́ fi ra iná tó ń tàn."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ ní kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Àmọ́ mo rántí omi tí a là kọjá láàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ yìí ti gbé ọ̀rọ̀ náà sínú, tí èmi ń pariwo kiri ọjà. Mo ní, "Jẹ́ ká wọlé."

Fọlákẹ́ mú aláwọ̀ eérú kékeré kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún, tí bátìrì rẹ̀ ń lo wákàtí mẹ́fà. RAM rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Fọlákẹ́ ṣí ìwé ẹ̀kọ́ kan lórí rẹ̀, ó ṣí fídíò olùkọ́ kan pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì dúró gbagidi bíi márúwá nínú omi. Ó gbé irú rẹ̀ kan náà tí RAM rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, ohun méjèèjì sì ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n ní kí a fi ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta lé e.

Ẹ wá wo èmi. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti dójú tì mí lórí àfikún, mo ti di ọ̀tá gbogbo àfikún. "Ra onímẹ́rin," ni mo wí, "a ó fi kún un tó bá yá."

"Daddy, wọ́n ti jó RAM eléyìí mọ́ pákó inú rẹ̀. Tá ò bá rà á lónìí, kò ṣeé fi kún mọ́ láé."

Mo wo Dàpọ̀. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Òótọ́ ló sọ, sà." Mo rò pé òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn, ó sì dà bíi pé ó dùn ún. Mo sanwó. Ó tún ní kí a ra àpótí ìpamọ́ tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Fọlákẹ́ ní ìyẹn ṣeé pààrọ̀ nígbàkúùgbà, ìwé kíkà kì í sì í kún àpótí. Dàpọ̀ ò bá èmi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti mọ ẹni tó wá rajà.

N kò jẹ oúnjẹ Mẹ́ńdè. Ìrẹsì abọ́ kan níbẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ẹran rẹ̀ sì tó èékánná. Bí a ṣe ń padà bọ̀, a yà ní Kétu, Fọlákẹ́ sì ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó wà lára ohun tí ilé ìwé ní kí wọ́n mú wá.

Ọ̀sán la délé. Mo ka owó yanrìn lé ìyá Fọlákẹ́ lọ́wọ́, ó sì bu ẹ̀bà fún mi. Lẹ́yìn oúnjẹ, ọmọ wa fẹ́ fi ẹ̀rọ tuntun náà dánra wò. Ti ìyá rẹ̀ dáa. Nígbà tó kan èmi, ó wò ó, ó tún un wọ̀n, ó tún tún un wọ̀n. Méjìdínlọ́gọ́sàn-án lórí àádọ́fà. Mo ní ayédèrú ni wọ́n tà fún un. Kò rẹ́rìn-ín. "Daddy, ó ga jù. Ọjọ́ Ajé, ẹ máa lọ sílé ìwòsàn."

Ohun tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Tí wọ́n bá ní kí o fowó kún nǹkan, ẹni tó máa lò ó ni kí o bi, kì í ṣe ẹni tó máa wò ó. Àti pé ohun tí kò ṣeé fi kún lọ́la nìkan ni kí ojú máa kán ọ sí lónìí.

Nírọ̀lẹ́, Alhaji Múfú wá wo ọjà. Ó gbé láptọ́ọ̀pù náà sókè, ó bi mí bóyá wàláà ni, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Fọlákẹ́ kí i, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ na apá, ó sì fi ẹ̀rọ dè é. Tirẹ̀ ga ju tèmi lọ. Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀. N kò ní purọ́, inú mi dùn díẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti Alhaji la jọ lọ sílé ìwòsàn. Mo ní kó wọlé ṣáájú mi.