Ràsákì àti Ẹ̀rọ Tí Ń Gbọ́ Òórùn Èéfín

Ràsákì Àyúbà kò rí Mẹ́kà rí, síbẹ̀ Alájì ni gbogbo ọgbà mẹkáníìkì ojú ọ̀nà Ọbọ́sí ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi orúkọ náà pe ara rẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Onitsha kí ogun tó dé. Nígbà tí ogun dé, ó sá lọ sílé. Nígbà tí wọ́n tún afárá odò Ọya ṣe tán, ó padà wá. Ó bá ìlú tó ń kọ́lé bí ẹni tó ń bínú. Owó epo rọ̀bì ń wọlé, gbogbo ẹni tí owó náà kàn sì ń fẹ́ ọkọ̀ Píjó. Kò sí ìgbà tó dára fún aláṣehàn ju ìgbà náà lọ.

Mo gbé yàrá kan nílé rẹ̀ lọ́dún tí mo fi ń sin ìjọba gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Ojú mi ló ṣe.

Ọdún náà ló ra ẹ̀rọ kan ní Èkó. Àpótí irin ni, ó ní ojú gíláàsì bí agogo, abẹ́rẹ́ kan sì wà nínú rẹ̀. Rọ́bà gígùn kan ti ara rẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ń tì bọ ẹnu sàlẹ́ńsà. Èéfín á gba inú rọ́bà lọ, abẹ́rẹ́ á sì sọ bí bẹntiróò àti afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ sí nínú ohun tí ẹ́ńjìnì ń jó. Bí ó bá yí sí òsì, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù. Bí ó bá yí sí ọ̀tún, bẹntiróò ni. Mẹkáníìkì á wá máa yí sukúrúù ara kabúrétọ̀, ibi tí bẹntiróò àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé, títí abẹ́rẹ́ á fi dúró láàárín. Ẹ̀rọ gidi ni. N kò bá ẹ̀rọ jà.

Ràsákì ra ẹ̀wù funfun mọ́ ọn, irú èyí tí dókítà ń wọ̀. Kò ní tan ẹ̀rọ náà àfi tí èrò bá pé. Àwọn oníṣòwò tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bu ọ́ìlì sí mọ́tò á na ọrùn wo abẹ́rẹ́, wọ́n á máa mi orí bí ẹni tó gbọ́ wáàsí.

Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún un ti kìlọ̀. Kí ó tó ti rọ́bà bọ ọkọ̀ kankan, kí ó yẹ páìpù èéfín wò láti ìdí ẹ́ńjìnì dé ẹnu. Bí ihò bá wà lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta á wọlé, á dà pọ̀ mọ́ èéfín, abẹ́rẹ́ á sì purọ́. Ràsákì fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí fún mi nídìí oúnjẹ. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò mọ̀. Ó sì mọ irú páìpù tó wà ní Onitsha. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ewé bò mọ́lẹ̀ nínú igbó títí ogun fi parí, páìpù rẹ̀ ti dípẹtà; agolo mílíìkì ni wọ́n fi lẹ òmíràn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wẹ́dà ni páìpù. Okwudili ni wẹ́dà tó ń fi iná jó irin pọ̀ ní ọgbà náà. Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Àṣà ọgbà ni pé ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ onímọ́tò ni ọ̀gá iṣẹ́. Oníṣẹ́ mìíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà àfi tó bá pè é. Ràsákì kì í pe Okwudili. Bí ó bá pè é, èrò á rí i pé kì í ṣe òun nìkan ló ń wo ọkọ̀ sàn.

Ọ̀gbẹ́ni Babalọlá, tó ń bójú tó ọkọ̀ iléeṣẹ́ kan tó ń kó símẹ́ńtì, gbé Píjó kan wá.

"Alájì, tún èyí ṣe. Bí ó bá lọ sí Benin tó sì bọ̀ ní àlàáfíà, ìwọ ni wàá máa tún gbogbo ọkọ̀ wa ṣe."

Ohun tí Ràsákì ti ń wá láti ọjọ́ tó ti padà dé nìyẹn. Ó wọ ẹ̀wù. Ó ti rọ́bà bọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ ṣubú sí òsì.

Okwudili sọ̀rọ̀ láti ìdí iná rẹ̀. "Ọ̀gá, páìpù yẹn ń jò. Mo ń gbọ́ ọ níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n dí i ná."

"Ta ló pè ọ́? Máa jó irin rẹ."

Ràsákì yí sukúrúù, ó tún yí i, ó ń da bẹntiróò lé bẹntiróò títí abẹ́rẹ́ fi dé àárín. Èrò pàtẹ́wọ́. Dáhùnsí, awakọ̀ iléeṣẹ́ náà, wo èéfín dúdú tó ń tú jáde.

"Alájì, kí lèyí?"

"Agbára ni."

Agbára náà kò dé Ìsẹ́lẹ̀-Ùkù lójú ọ̀nà Benin. Okùn ni wọ́n fi fa ọkọ̀ náà kọjá afárá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Alájì," ni Dáhùnsí wí, "agbára yín ti pa ọkọ̀."

Babalọlá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó rí ihò lára páìpù, ó sì kọjú sí wẹ́dà. "Ṣé o mọ̀ nípa ihò yìí kí ó tó lọ?"

"Mo mọ̀, sà. Mo sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n máa jó irin mi."

"Dí i."

Okwudili dí i. Wọ́n nu púlọ́ọ̀gì, wọ́n dá a padà, wọ́n tan ọkọ̀, wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́ láìfọwọ́ kan sukúrúù. Abẹ́rẹ́ sáré lọ sí ọ̀tún, síbi tí bẹntiróò ti pọ̀ jù, ó kan ògiri, ó dúró síbẹ̀.

"Ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́," ni Ràsákì wí.

"Lánàá tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọ ńkọ́?" ni Babalọlá bi í.

Ràsákì bẹ̀rẹ̀ sí í ká rọ́bà rẹ̀. Babalọlá yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi lé Okwudili lọ́wọ́. "Ìwọ ni màá máa gbé ọkọ̀ wa fún. Bí o bá nílò mẹkáníìkì, pe ẹni tó bá wù ọ́."

Okwudili kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà ní ọgbà. Ràsákì ló pè. Ràsákì sì lọ. Mo rò pé ojú á tì í, pé ó kéré tán á kọ́ láti tẹ̀ ba kí ó wo abẹ́ ọkọ̀. Ojú kò tì í. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbọ́ tó ń sọ fún Gbàdàmọ́sí, aládùúgbò wa, pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún òun, pé òun ti gba wẹ́dà kan síṣẹ́.

Bílíkísù, ìyàwó Ràsákì, gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ kalẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀.

"Bàbá Súlìyát, ẹ yára jẹun. Ẹni tí ẹ gbà síṣẹ́ ti ránṣẹ́ pè yín lẹ́ẹ̀mejì."