Ìyá Oníke àti Ọ̀rọ̀ Inú Fóònù Wọn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kékeré tí mò ń wí yìí, mo ti ń fá irùngbọ̀n tí kò tíì hù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì ní Jíkwóyì, gírámà kún ẹnu mi, iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́. Ni ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá àdúgbò wa bá ní kí n máa kọ́ àwọn àgbà níwèé nírọ̀lẹ́. Ẹ ò rí i pé àdúgbò ti wọ gàù!

Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi ní pírámárì náà ni mo ṣe ń kọ́ wọn. Ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ, mo ní kó máa ké "A fún ápù." Mo tiẹ̀ mú rúlà dání.

Ìyá kan wà níbẹ̀, ará Ìlọrin, tí wọ́n ń ta ike lọ́jà Kàrú. Lọ́jọ́ tí mo ní kí kíláàsì da ohun tó wà lójú pátákó kọ, apá ọ̀tún ni ìyá ti bẹ̀rẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. "Mà, ẹ̀yìnkùlé lẹ gbà wọlé o!" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ìyá pa ìwé dé, wọn ò sì wá mọ́.

Bàbá káfíńtà tó máa ń jókòó tì wọ́n ló là mí lójú. "Tíṣà, obìnrin yẹn ti ka Kùránì parí kí wọ́n tó bí ẹ. Ṣé o ò mọ̀ pé ọ̀tún ni kéwú ti ń bẹ̀rẹ̀ ni?"

Mi ò mọ̀. Kí ni mo tiẹ̀ mọ̀?

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá láàárín ike.

"Kai, tíṣà kékeré! Ta ló fẹ́ ápù? Ọmọ mi tó wà ní Kánò ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí fóònù mi. Aládùúgbò ló ń kà á fún mi. Kí n tó dáná alẹ́, gbogbo kọ́ńpáǹdì ti gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà, ìyá padà sí kíláàsì, fóònù wọn sì di ìwé wa. Lẹ́tà kéwú tó bá dún bíi lẹ́tà tí mo kọ, wọ́n á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá káfíńtà ní orúkọ àwọn oníbàárà lòun fẹ́ máa kọ sábẹ́ àga, la bá ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pákó. Mo sọ rúlà nù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, fóònù ìyá dún. Mo na ọwọ́ kí n kà á fún wọn, bí ọlọ́gbọ́n. Ìyá gbé e mọ́yà. Wọ́n kà á díẹ̀díẹ̀, ètè wọn ń mì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi í sétí ìró.

"Mà, kí ló wí?"

"Kí ló kàn ẹ́?"

Lónìí, ohùn lẹ ń fi ránṣẹ́ síra yín, ẹ ń tẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀, gbogbo èrò ń gbọ́ ohun tí ìyá yín wí. Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Irùngbọ̀n mi náà ti wá hù, ó ti ń funfun. Títí dòní, mi ò mọ ohun tí ọmọ yẹn kọ. Ohun tí mi ò mọ̀ pọ̀ láyé. Ìyẹn nìkan nínú wọn ló ń dùn mọ́ mi.