Orúnkún Alága

Lọ́yà ni mí, olóṣèlú sì ni mí, ojú ò tì mí láti sọ méjèèjì pa pọ̀. Àwọn èèyàn á gbọ́ "olóṣèlú", wọ́n á fajú ro. Tí wọ́n bá tún gbọ́ "lọ́yà" mọ́ ọn, wọ́n á di báàgì wọn mú. Ìyẹn ò kàn mí. Láàárọ̀, mo wà ní ọ́fíìsì mi lókè ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì kan ní Peckham, mò ń gbèjà àwọn tí wọ́n fẹ́ lé jáde nílé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo ti di kánsẹ́lọ̀, mo ti jókòó sílé káńsù, mò ń bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ìbéèrè tí wọn ò fẹ́ dáhùn. Ẹnu mi mú, èmi náà mọ̀. Màmá mi máa ń sọ pé ẹnu yìí ló máa gbé mi délé ọkọ, òun náà ló sì máa dá mi padà. Méjèèjì ló ṣẹ.

Mi ò gba ọ̀nà tààrà dé ìdí iṣẹ́ òfin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí màmá mi mú mi wá sí Lọ́ńdọ̀nù, Aylesbury la sì ń gbé, nínú àwọn ilé gíga ẹ́sítéètì yẹn tí wọ́n ti ń wó díẹ̀díẹ̀ báyìí. Nígbà tí mo parí ilé ìwé, mo lọ ń tẹ̀wé fún bàbá lọ́yà kan ní Walworth Road. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń da lẹ́tà wọn kọ. Ó dé ibi tí mo ti máa ń mọ bí gbólóhùn wọn ṣe máa parí kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Ìgbà yẹn ni mo wá sọ fún ara mi pé ṣé kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú iṣẹ́ yìí náà nìyí, mo bá forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́.

Olùkọ́ wa ní ká mú lọ́yà kan láti ìgbà yòówù, ká kọ̀wé nípa ìgbésí ayé ẹ̀. Àwọn yòókù ń mú àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń dé irun funfun. Èmi mú ará Amẹ́ríkà kan, ẹni ayé àtijọ́, láti àwọn ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ara wọn gbà lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Mo ṣàdédé rí ìtàn ẹ̀ ní láíbìrì ni, ó sì wọ̀ mí lára, torí pé bí mo ṣe kọ́ṣẹ́ lòun náà ṣe kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó rán an lọ sílé ẹ̀kọ́ òfin. Ọ́fíìsì lọ́yà àgbà kan ló jókòó sí, ó ń dàwé kọ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Nígbà tó di lọ́yà tán, ẹṣin ló ń gùn láti ìlú dé ìlú, tó ń tẹ̀ lé adájọ́ kiri. Bẹ́ẹ̀dì kì í tó ní ibi tí wọ́n bá wọ̀ sí, nítorí náà òun àti lọ́yà tí wọ́n jọ fẹ́ kojú ara wọn lọ́la á jọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á dìde níwájú adájọ́, wọ́n á sì máa fẹnu bọ́ra wọn síhòòhò. Nígbà tó ṣe, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Tí oníbàárà ẹ̀ bá nílò afárá, òun fúnra ẹ̀ á kọ òfin afárá náà, á tún dìbò sí i, kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé.

Mo rẹ́rìn-ín ní láíbìrì lọ́jọ́ náà. Mo ní ẹni tèmi nìyí. Àfìgbà tí mo dé ojú ewé tí wọ́n to àwọn ohun ìní ẹ̀ sí, tí mo rí àwọn èèyàn, èèyàn dúdú, láàárín ẹṣin àti àga. Ó dùn mí gan-an. Ọkùnrin tí mo ti ń fẹ́ràn yìí, tó bá rí mi nígbà ayé ẹ̀, ṣe ni ì bá rà mí, kí n máa pọnmi tó máa fi fọ yíǹkì ọwọ́ ẹ̀. Mo ṣì kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n ojú ewé yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ìyẹn ti pẹ́. Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó sídìí ìwé lónìí jẹ mọ́ gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Rye Lane. Ibẹ̀ ti fìgbà kan jẹ́ ilé ìtajà kápẹ́ẹ̀tì kó tó di ti ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kékeré kan, Yorùbá ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Wọ́n ń kírun níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń ké kéú níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, àwọn obìnrin àgbà tí wọ́n ń dá gbélé sì ń wá síbẹ̀ láti rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Àṣẹ tí káńsù fún wọn láti máa lo ilé náà bẹ́ẹ̀ ti fẹ́ parí. Fúláàtì tuntun sì ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwọn tó ń gbébẹ̀ ń ké pé mọ́tò pọ̀ jù lọ́jọ́ Jímọ̀, pé ariwo ọmọdé pọ̀. Tí káńsù ò bá sọ àṣẹ náà dọ̀tun, wọ́n máa kó jáde ni, kò sì síbòmíì ládùúgbò yẹn tí wọ́n lè rí gbà. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣèpinnu lórí ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n gbé e wá bá. Èmi ni alága ìgbìmọ̀ yẹn.

Olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà ni Alhaja, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwọn ló kọ́ mi ní kéú. Ilé wọn kọjú sí tiwa ní Aylesbury, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ti ń jẹun àárọ̀ nígbà tí màmá mi bá ti jáde lọ tọ́jú ọ́fíìsì àwọn òyìnbó.

Òfin wa ní káńsù yé mi dáadáa, èmi gan-an ni mo máa ń kọ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ tuntun. Tí ọ̀rọ̀ kan bá kan ìwọ, ẹbí ẹ, tàbí ẹni tó sún mọ́ ẹ, wàá sọ ọ́ síta, wàá dìde, wàá jáde títí wọ́n á fi parí ẹ̀. Mo jókòó, mo da ìbéèrè bo ara mi bí mo ṣe ń da á bo ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Ṣé ọmọ ẹgbẹ́ yẹn ni ẹ́? Rárá. Ṣé ibẹ̀ lo ti ń kírun? Rárá, láti ìgbà tí mo ti kó lọ sápá Peckham Rye ni mo ti ń lọ mọ́sálásí míì. Ṣé ẹ̀jẹ̀ pa yín pọ̀? Rárá. Mo dá ara mi láre, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Mo tún ti ṣírò ìbò. Àwa méje la wà nínú ìgbìmọ̀. Láti inú ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn òṣìṣẹ́, mo mọ̀ pé mẹ́ta máa gbà, mẹ́ta ò ní gbà. Èmi ni ìkeje. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ náà ṣírò tiwọn náà. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wọn pè mí, wọ́n ní, "Kánsẹ́lọ̀, ọkàn wa balẹ̀ o, ọmọ wa ló wà níbẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ẹ sì bá mi sọ fún gbogbo yín pé tó bá dọjọ́ náà, kẹ́nikẹ́ni má kí mi."

"Ká má kí ẹ bíi ti báwo?"

"Bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí."

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní ìlú òyìnbó ti ba ọmọ yìí jẹ́, wọ́n sì pa fóònù. Bí mo ṣe kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Orúnkún mi nìkan ni mi ò rántí kìlọ̀ fún.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ la bẹ̀rẹ̀, oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣì ń ràn lójú fèrèsé. Obìnrin òyìnbó kan ni lọ́yà àwọn tó ń gbé fúláàtì, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Lọ́jọ́ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la pàdé ní kóòtù lórí ẹjọ́ míì, mo borí ẹ̀, a sì jọ wọ rélùwéè padà sí Peckham Rye, a jọ ń jẹ bísíkíìtì nínú ọ̀rá kan náà. Mo ti rántí ará Amẹ́ríkà mi yẹn àti bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, mo ní iṣẹ́ wa ò tíì yí padà.

Mo ń ka àkọlé ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn náà lọ́wọ́ nígbà tí Alhaja wọlé, pẹ̀lú ìbòrí funfun àti ọ̀pá wọn. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì wa ni àga àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ wà. Apá òsì mi ni wọ́n gbà. Kí n tó mọ̀, mo ti kúrò lórí àga alága, orúnkún mi méjèèjì ti wà lórí kápẹ́ẹ̀tì káńsù, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Wọ́n ti kìlọ̀ fún Alhaja. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi ọmọ sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ kó máa wo ibòmíì? Wọ́n ní, "Ọlọ́run á gbé ẹ ga, ọmọ mi. Dìde. Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun?" Mi ò sì tíì pa máìkì mi. Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ.

Àwọn méjì nínú ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Lọ́yà yẹn ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní kí alága ṣàlàyé ohun tó wà láàárín alága àti ìyá yìí. Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Tó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti dìde ṣáájú ìgbà yẹn.

Lọ́yà káńsù tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ̀rọ̀ sí mi létí. Ó ní tó bá jẹ́ pé bí àṣà wa ṣe ní ká máa kí àgbàlagbà ni, kí n sọ bẹ́ẹ̀, ká máa bá iṣẹ́ lọ, pé ọwọ́ mi ló wà. Kì í ṣe irọ́ náà. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà ní ibùdókọ̀. Gbólóhùn kan péré ni: àgbàlagbà lásán ni wọ́n, kò sí nǹkan kan láàárín wa. Tí mo bá ti sọ ọ́, ká dìbò, kí gbọ̀ngàn má lọ.

Inú sì ń bí mi. Mo rántí ọkùnrin yẹn, tó ń kọ òfin afárá fún oníbàárà ẹ̀, tó tún ń dìbò sí i, tó tún ń ra èèyàn, tẹ́nì kan ò ní kó wá ṣàlàyé. Èmi kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé.

Alhaja rí i pé mò ń ṣiyèméjì. Gẹ̀ẹ́sì yé wọn ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún lọ́yà àwọn tó ń gbé fúláàtì pé àwọn ò mọ̀ mí, pé ojú mi nìkan làwọn ń rí lórí ìwé ìdìbò, pé gbogbo ọmọdé làwọn ń pè ní ọmọ àwọn. Lọ́yà yẹn ni wọ́n ń wò. Wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi. Ìyá tó fi pàṣán nà mí lọ́wọ́ nítorí pé mo ní mo ti ka ojú ewé tí mi ò tíì kà, àwọn ló ń purọ́ yìí, ní ọjọ́ ogbó wọn, nítorí gbọ̀ngàn. Kí irọ́ náà tó lè dúró, gbogbo ohun tó kù kò ju kí n dákẹ́ lọ.

Mi ò lè dákẹ́. Mo ní, "Ìyá yìí ló kọ́ mi ní kéú. Ilé wọn ni mo ti ń jẹun àárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Nígbà tí màmá mi kú, àwọn ló wẹ̀ wọ́n kí a tó sin wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́ kó tó dòní." Mo kó ìwé mi, mo gbé àga fún igbákejì mi, mo jáde.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́nà ìta. Mo mọ ìṣirò ẹ̀: mẹ́ta sí mẹ́ta, tí ìbò bá sì dọ́gba, ẹni tó wà lórí àga alága ló máa tún dìbò tó máa já a, igbákejì mi ò sì fẹ́ ẹ. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Mo ti rí i nínú ìrìn àwọn ọkùnrin náà pé ìbò ti lòdì sí wọn, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó pè mí lórí fóònù ò wojú mi. Wọ́n ní, "Àǹtí, o ṣe é."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ṣe é. Láti ọ̀la, mi ò sí ní káńsù mọ́, lọ́yà yín ni mí. Ẹ kó gbogbo ìwé wá sí ọ́fíìsì mi láàárọ̀ Mọ́ńdè. A máa gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ju káńsù lọ, a sì máa jàre."

Kí ẹ má baà máa dúró de èsì, a jàre, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ náà má lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn níta, kí wọ́n má sì gbé mọ́tò sójú títì yẹn lọ́jọ́ Jímọ̀, ó tán. Nígbà tí ìbò tún dé, àwọn ará àdúgbò dá mi padà sí káńsù. Ṣùgbọ́n lórí bẹ́ǹṣì yẹn, mi ò tíì mọ ìkankan nínú ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo sọ̀rọ̀ bí ẹni tí lẹ́tà ìdáláre ti wà ní báàgì ẹ̀.

Alhaja ló jáde kẹ́yìn. Wọ́n rọra jókòó tì mí. Mo ní kí wọ́n má bínú.

"Ohun tí mo ṣe fún màmá ẹ," wọ́n ní, "Ọlọ́run ni mo ṣe é fún. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ọkọ mi. Ìwọ lọ gbé e síwájú káńsù."

Omi ń bọ́ lójú mi.

"O ti sọ pé ọ̀rọ̀ mi kàn ẹ́, gbogbo wọn sì gbọ́. Ó dáa. Ọkùnrin ni gbogbo ọmọ tí mo bí, wọn ò lè wẹ̀ mí. Tí ọjọ́ mi bá pé, ìwọ lo máa wẹ̀ mí."

Mo ní, "Alhaja, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀ ọ́n. Wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, màá kọ́ ẹ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún wọn, pé wọ́n á pẹ́ fún wa, pé ojú wọn máa rí ọmọ ọmọ-ọmọ wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún, wọ́n ní àmín, wọ́n ní aago mélòó ni mo máa dé.

Mo ní aago mẹ́wàá.