Ojú Òsì Delbert

Kò sẹ́ni tí Delbert kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó mú lẹ́tà wá fún un, ẹni tó gé irun rẹ̀, èmi tí mo kàn ní kó jókòó. Orrin ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló yọ sílẹ̀, èébú ni tiẹ̀.

Bíríkìlà ni Delbert kó tó fẹ̀yìn tì, níbí ní Ohio. Lẹ́yìn Lorene ìyàwó rẹ̀, ohun tó fẹ́ràn jù láyé ni àwọn ìbọn àtijọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ sójà ní ìyìnbọn, àwọn tí ọta wọn kò tó ìka ọmọdé. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn wọn fún ọ, kọfí rẹ á tutù pátápátá. Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ wa ń fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ díje. Èmi ni mo máa ń pàṣẹ kí wọ́n yìn. Orrin á gbégbá orókè, Delbert á ṣe ìkejì, wọn á sì máa bú ara wọn nídìí ìkòkò ẹ̀wà tí a máa ń jẹ lẹ́yìn ìdíje.

Lọ́dún tó kọjá, ojú ọ̀tún Delbert fọ́. Ojú yẹn ló fi ń wo àmì. Ó ní òun ti parí, ó kó gbogbo ìbọn rẹ̀ síta kó lè tà wọ́n. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Orrin ló kọ́kọ́ dé, ó sì mú èyí tí Delbert fẹ́ràn jù.

"Màá rà á, àmọ́ mo fẹ́ kí o fi yìn kí n rí i. Jẹ́ ká lọ sí pápá."

"Ṣé orí ẹ pé? Mi ò ríran mọ́!"

"Ojú kan ló fọ́. Gbé e sí èjìká òsì, jàre."

Ní pápá, Delbert dojú bolẹ̀ bí a ṣe máa ń yìn, ó gbé ìbọn sí èjìká òsì. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ni irin tí wọ́n ń fà kí ọta tó wọlé wà. Bó bá ti nawọ́ sí i, ìbọn á yẹ̀. Ó yìn, koríko ló bà. Ó yìn, koríko náà ni. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè.

Orrin dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó fa irin náà, ó fi ọta sí i, ó tì í padà.

"O wá ń fún mi lóúnjẹ bí ọmọ ọwọ́!"

"Ọmọ ọwọ́ onírùngbọ̀n. Yìn, jọ̀ọ́!"

Eléyìí wọ inú bébà tí a fi ṣe àmì. Delbert kó gbogbo ìbọn rẹ̀ padà sílé.

Lọ́jọ́ ìdíje, Orrin ló ń fi ọta sí i fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Díẹ̀ ló kù kí Delbert gbẹ́yìn, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín kiri. Ìgbà tí wọ́n kéde pé ẹlòmíì ló gbégbá orókè ló tó yíjú sí Orrin.

"Ìwọ ńkọ́? O ò yìn ni?"

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wa ń yìn. Ìdí ìbọn ẹ ni mo wà."

"Ìwọ ni ì bá gba ipò kìíní, òmùgọ̀!"

Orrin ń bu ẹ̀wà. "Kí n gbà á, kí n wá máa fi ta ni ṣe yẹ̀yẹ́?"

Delbert ṣí fìlà rẹ̀.

"O ṣé, Orrin," ló wí.

Orrin kò lè gbójú sókè. Ó ní kó gbé àwo wá.